Ẹni Tó Mọ Ẹjọ́ Rẹ̀ Lẹ́bi: Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Jẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Ọkàn Rẹ̀ Fi Ń Rí Ìwòsàn

Mo ti jẹ akápò ẹgbẹ́ kan rí nínú ìjọ tí mo dàgbà sí. Lọ́dún tí ọmọ mi kejì fẹ́ wọ ilé ìwé gíga, mo mú ₦40,000 nínú owó ìkórè, mo ní bí owó oṣù bá ti wọlé n ó dá a padà. Owó oṣù wọlé, owó oṣù jáde. Mo kọ ìnáwó èké sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń kúnlẹ̀ ka Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí ohùn mi ń jáde ketekete, tí ọ̀rọ̀ owó yẹn kò sì dé orí ahọ́n mi rí. Oorun mi kò já geere mọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ owó nínú ìpàdé, àyà mi á já.

Àdúrà ìjẹ́wọ́ inú Ìwé Àdúrà Áńgílíkà sọ pé a ti ṣìnà bí àgùntàn tó sọnù, ó sì fi kún un pé kò sí ìlera nínú wa. Mo ka gbólóhùn yẹn láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ìjẹ́wọ́ gbogbogbòò dára, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ tí kò dárúkọ ohunkóhun kì í wo ohunkóhun sàn.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò fún un: ronúpìwàdà. Ro inú, kí o sì pa ìwà dà. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ń ṣe ìdajì àkọ́kọ́ tí a ó sunkún, tí a ó nu ojú, tí a ó padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí a ṣe ń ṣe méjèèjì parí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìwòsàn ọkàn ni mò ń sọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ a máa wọ ara. Dáfídì ní nígbà tí òun dákẹ́, egungun òun di gbígbó (Sáàmù 32:3), ẹni tó bá sì ti fi ẹ̀rí ọkàn tó ń dá a lẹ́bi sùn rí mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, wọ́n bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ (Jòhánù 9:3). Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti gba oúnjẹ àti oorun lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e. Dókítà àti àlùfáà kì í ṣe orogún.

Ohun mìíràn ni pé ohun tí wọ́n fi ipá ṣe sí yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń fi omijé tọrọ ìdáríjì fún ohun tí àgbàlagbà kan ṣe sí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò sí ohun tí yóò jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tí yóò gbà á gbọ́ ló ń wá.

Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi pàṣán gbà náà kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi ebi àti ẹgba mú ọmọdé títí yóò fi ní àjẹ́ lòun. Ọmọ tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta yóò jẹ́wọ́ pé òun lòun jẹ òṣùpá lójú ọ̀run bí ìyẹn bá lè mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ mímu. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ gba ọmọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó agbófinró létí. Ẹ má wulẹ̀ dúró gbàdúrà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jókòó ti ara yín

Wákàtí kan tó. Ẹ má ṣe é láàárín ariwo ìṣọ́ òru, ẹ má sì ṣe é nígbà tí oorun ń kùn yín. Ẹ pa fóònù, ẹ mú Bíbélì, bírò àti ìwé pélébé kan. Ẹ ka Sáàmù 139, ẹsẹ 23 àti 24, níbi tí onísáàmù ti ní kí Ọlọ́run wá inú òun wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 20, kí ẹ máa mú Òfin Mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè.

"Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè": kí ni mo ń ṣe sí kóńgò tí mo fi ń wọn gàrí fún oníbàárà? Wákàtí mélòó ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́? "Ìwọ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké": ọ̀rọ̀ ta ni mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí mi ò wádìí rẹ̀? "Bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ": ìgbà wo ni mo pe ìyá mi gbẹ̀yìn? Ẹ má gbàgbé àwọn ohun tó yẹ kí ẹ ṣe tí ẹ kò ṣe. Àwọn wọ̀nyẹn ló máa ń pọ̀ jù lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kọjá ogójì ọdún.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú. Ìwé yẹn kò ní pẹ́ láyé, ẹ fara balẹ̀. Ẹ kàn má fi ètè sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá: mo mọ ẹni tó kọ ìbínú sí awakọ̀ dánfó sílẹ̀, tó gbàgbé pé òun kò bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pín ogún bàbá wọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe, tí wọ́n ń jẹ́wọ́ ohun kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí irú yín bá nìyẹn, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ, kí ẹ dìde.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀

Ibí yìí ló le jù, nítorí pé èdè wa dùn, ó sì mọ bí a ṣe ń bo nǹkan. "Ọwọ́ mi ló yọ̀." "Iṣẹ́ èṣù ni." "Bí ayé ṣe rí ni." Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú ọgbà Édẹ́nì, Ádámù ti sọ pé obìnrin tí Ọlọ́run fi ti òun ló fún òun ní èso igi náà jẹ.

Ẹ fi ọba méjì wé ara wọn. Nígbà tí wòlíì Sámúẹ́lì bá Sọ́ọ̀lù wí lórí ọ̀rọ̀ ẹran Ámálékì tí Ọlọ́run ní kó pa run, Sọ́ọ̀lù ní àwọn ènìyàn ló dá a sí, wọ́n sì fẹ́ fi rúbọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ há, ó ní òun ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí Sámúẹ́lì jọ̀ọ́, kó bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà (1 Sámúẹ́lì 15:30). Ojú ayé ló ń rò. Dáfídì ní tirẹ̀ gba Bátíṣébà, aya Ùráyà, ó sì mú kí wọ́n pa Ùráyà lójú ogun, ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jọjọ. Wòlíì Nátánì wá pa ìtàn ọlọ́rọ̀ tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní fún un. Dáfídì bínú, ó ní ọkùnrin náà yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nátánì ní, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Dáfídì kò sọ̀rọ̀ nípa Bátíṣébà, kò sọ̀rọ̀ nípa ogun. Ó ní òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí mo jókòó síwájú ìwé tèmi, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni "Mo yá owó ẹgbẹ́." Mo wò ó, mo fagi lé e. Mo kọ "Mo ná owó ẹgbẹ́ láìgba àṣẹ." Mo tún fagi lé e. Nígbà kẹta ni mo kọ "Mo jí owó." Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mú owó yẹn, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ní èdè tí ẹ fi ń sunkún

Ẹ sọ ọ́ síta, kí etí yín gbọ́ ọ. Kò nílò gbólóhùn gígùn. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, Sáàmù 51 ti la ọ̀nà sílẹ̀: àánú Ọlọ́run ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ló gbà pé òun jẹ̀bi. Ó tọrọ ìwẹ̀nùmọ́. Ó tọrọ àyà tuntun. Ó tọrọ ayọ̀ tó ti lọ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tiyín sí àárín rẹ̀. Tèmi lọ báyìí:

"Olúwa, aláàánú ni ọ́. Mo jí ₦40,000 owó ìjọ, mo sì fi ìwé èké bò ó. Mi ò ní àwíjàre. Wẹ̀ mí. Fún mi ní àyà tí yóò lè sọ òótọ́ níwájú àwọn tí mo jí i lọ́wọ́ wọn. Nítorí Jésù Kristi."

Ó parí. Bí omijé bá wá, kó wá. Bí kò bá wá, ẹ má fi ipá wá a. Wòlíì Jóẹ́lì ní ọkàn ni ká fà ya, kì í ṣe aṣọ. Ìlérí tó wà lórí rẹ̀ kò dá lórí bí ẹkún ṣe pọ̀ tó: "Bí àwa bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, olóòótọ́ àti olódodo ni òun láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá" (1 Jòhánù 1:9).

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá etí kan

Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì yóò dúró síbi tí mo parí sí lókè yìí, wọn yóò ní Ọlọ́run nìkan tó. Ní ti ìdáríjì, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Bíbélì ti so ìjẹ́wọ́ mọ́ ìwòsàn gan-an: "Ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín fún ara yín, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún ara yín, kí a lè mú yín láradá" (Jákọ́bù 5:16). Fún ara yín, ni Jákọ́bù wí. Ohun tí ènìyàn kankan kò mọ̀ nípa wa a máa dàgbà nínú òkùnkùn.

Àwọn Kátólíìkì kò fi èyí ṣeré. Láti ọdún 1215, nígbà Àpérò Lateran Kẹrin, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Róòmù, ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé gbogbo onígbàgbọ́ tó ti mọ ọtún yàtọ̀ sí òsì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún àlùfáà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ yóò sọ ìgbà tó jẹ́wọ́ gbẹ̀yìn, yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Fádà yóò gbà á níyànjú, yóò yan ohun tí yóò ṣe fún un, yóò sì kéde ìdáríjì ní orúkọ Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Fádà kò gbọdọ̀ tú àṣírí náà fún ọlọ́pàá, fún bíṣọ́ọ̀bù tàbí fún ẹnikẹ́ni; èyí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tú u, ìjọ ti yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Áńgílíkà ni kò mọ̀ pé Ìwé Àdúrà wọn náà ní ọ̀nà yìí. Nínú ìkéde tó ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ kó lọ bá àlùfáà tó gbọ́n, kó tú ọkàn rẹ̀ palẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ àwọn tó di Mẹ́tọ́díìsì, John Wesley kọ ìlànà ní ọdún 1738 fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹsẹ Jákọ́bù yìí kan náà ló gbé e lé. Ọ̀kan nínú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni ẹ̀ṣẹ̀ tí kálukú mọ̀ pé òun dá láti ìpàdé tó kọjá. Ẹ gbìyànjú láti bi ara yín bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín lónìí, ẹ ó rí i bí ìjókòó yóò ṣe tú.

Ta wá ni ká sọ fún? Ẹni tó ti gbọ́ àṣírí ẹlòmíràn rí tí ẹ kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò ní jẹ èrè kankan nínú ìṣubú yín. Obìnrin sí obìnrin, ọkùnrin sí ọkùnrin ló dára jù bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ara. Wòlíì tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó lè gbọ́ yín, ẹ dìde. Pásítọ̀ tó ń fi ìtàn àwọn ọmọ ìjọ ṣe àpẹẹrẹ lórí pẹpẹ, bí kò tiẹ̀ dárúkọ wọn, ẹ má sọ fún un.

Júdásì kọ́ wa ní èyí. A máa ń gbàgbé pé Júdásì náà jẹ́wọ́. Ó ní òun ti ṣẹ̀, ó sì dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ bá ni àwọn tí wọ́n jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, èsì wọn sì ni pé, kí ni ìyẹn kàn wá? (Mátíù 27:4). Ó jáde lọ, ó pokùn so. Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n àárín àwọn ará ni wọ́n ti bá a lọ́jọ́ Àjíǹde.

Èmi lọ bá bàbá katikíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ ọ́ tán, bàbá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí, "Èló ni?" Mo ní, "Ẹgbàá lọ́nà ogún náírà ni, Bàbá." Ó ní, "Ta ló ni ín?" Mo ní, "Ẹgbẹ́ ni, sà." Ó ní, "Ọjọ́ wo lo fẹ́ gbé e lọ fún wọn?" Lẹ́yìn ìyẹn ló tó gbé ọwọ́ lé mi lórí, tó gbàdúrà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá ohun ẹlòmíràn padà

Òfin Mósè kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò jẹ́wọ́, yóò dá ohun náà padà ní pípé, yóò sì fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e (Nọ́ńbà 5:7). Sákéù, olórí agbowó òde Jẹ́ríkò, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀; ó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Mo ṣírò tèmi: ìdámárùn-ún ₦40,000 jẹ́ ₦8,000. Oṣù márùn-ún ni mo fi kó ₦48,000 jọ.

Bí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ bá ti kú, ẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sí ìbátan, Nọ́ńbà ní kó di ti Olúwa. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni ẹ bà jẹ́, ẹ padà sí etí tí ẹ sọ ọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn tí òfin ìlú ń dá ẹjọ́ rẹ̀, ìdáríjì Ọlọ́run kò pa ẹjọ́ rẹ́.

Bí a ṣe ń tọrọ ìdáríjì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Lópin ọdún, gbogbo wa la máa ń gbé e sórí WhatsApp pé "gbogbo ẹni tí mo bá ti ṣẹ̀, ẹ forí jì mí." Kí ni ìyẹn? "Bí mo bá" kò sí nínú ìjẹ́wọ́, "ṣùgbọ́n" kò sì sí níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ sọ ohun tí ó fà fún ẹni náà, ẹ sọ ohun tí ẹ mú wá láti fi tún un ṣe, kí ẹ dákẹ́. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà dé ni kí ìjẹ́wọ́ dé. Ẹni tí ẹ kórìíra nínú ọkàn yín tí kò sì mọ̀, ẹ má lọ máa sọ fún un pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti kórìíra rẹ̀. Ẹrù yín lẹ fẹ́ gbé rù ú yẹn. Ọ̀ràn àgbèrè láàárín tọkọtaya, ẹ kọ́kọ́ bá olùgbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ó ṣe sọ ọ́, pàápàá bí àìsàn tó ń ràn bá lè wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n gba owó náà, wọ́n dárí jì mí, wọ́n sì gba ipò akápò lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Ìdáríjì kò ní kí wọ́n tún gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí fún mi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbà pé a ti dárí jì yín

Ẹ fa ìwé yẹn ya, tàbí kí ẹ dáná sun ún. Ẹ̀dùn yóò padà wá lóru, tèmi padà wá fún bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bá dé, ẹ má tún jẹ́wọ́; ẹ dúpẹ́. Wòlíì Míkà ní Ọlọ́run yóò sọ ẹ̀ṣẹ̀ wa sí ibú òkun. Ẹ má wọ omi lọ wá a.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dí ojú ọ̀nà

Nígbà ìsọjí Òkè-Oyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù, àwọn tó ronúpìwàdà kó ońdè àti oògùn wọn jáde, wọ́n sì dáná sun ún. Ohun yòówù kí èèyàn rò nípa oògùn, ọgbọ́n wà nínú ìyẹn: ohun tó wà nílé lọ́wọ́ ń tó. Nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ máa pè mọ́, ẹ pa á rẹ́. Ilé tẹ́tẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ẹ gba ọ̀nà mìíràn, bó bá tiẹ̀ jìn. Lọ́dọ̀ tèmi, n kì í mú owó ẹgbẹ́ kankan dání mọ́ láìsí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Bàbá katikíìsì ń pè mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí tó fi kú, ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà: "Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

Bí ẹ bá tún ṣubú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì.

Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ sì lè má tètè yọ́nú. Ẹ má kán an lójú, ẹ má sì fi ẹsẹ Bíbélì halẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa kò dá mi lóhùn mọ́ láti ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó ti lé ní ọdún kan nígbà tó dúró lọ́jọ́ kan, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wò mí, ó ní, "Káàárọ̀," ó sì wọlé lọ.